Ìkíni Méje Lábẹ́ Àjà Tí Ikán Ń Jẹ

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ohùn mọ́ lórí ẹ̀rọ débi pé mo gbọ́ nígbà tí èèrà kan ń yún ara ní Ṣakí. Agbede ni mo wà o, ìlú tí àwọn bàbá ńlá wa sá wá tẹ̀ dó nígbà tí òkun jẹ etíkun ilé tán, níbi tí òjò dídì ti máa ń wá kí wa lọ́dọọdún bí àna tí kò nítìjú. Láti ibẹ̀ dé Ṣakí, ẹyẹ tí kò sinmi á fò fún ọdún mẹ́ta, á bímọ lójú ọ̀nà, ọmọ ni yóò bá a parí ìrìn náà. Síbẹ̀ mo gbọ́ èèrà. Mo gbọ́ nígbà tó yún ara tán tó ní, "Áà."

"Èèrà wo?" Àǹtí Morónfólú, ọ̀gá wa ní Ilé Àjà, kò gbójú sókè. Súẹ́tà mẹ́ta ló wọ̀ léra, ìbọ̀wọ́ onírun ló sì fi ń kọ̀wé. "Láníhùn, nọ́ńbà akànjà ni mo béèrè, n ò ní kó o pàlọ́ fún mi."

"Mẹ́rìnlá, mà."

"Mẹ́rìnlá tìẹ ni àbí ti ẹ̀rọ?"

N kò bá a jà. Ní Agbede, tí mo bá pariwo pé mo rí ẹgbẹ̀rún ejò, igi kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń mú dání wá. Ọdún tó kọjá ni mo kéde pé òjò dídì aláwọ̀ osùn ń bọ̀, pé ó dùn bí oyin, pé ó ń wo ẹ̀yìn ríro. Ìdajì ìlú ló gbé abọ́ síta. Ìyá arúgbó kan gbé ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ. Wọn ò tíì dárí jì mí.

Mo yí ojú akànjà sí Àǹtí kó fúnra rẹ̀ wò ó. Akànjà ni ẹ̀rọ tó ń kan àjà sánmà bí àlejò ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Á fi ohùn tó wúwo kàn án, á fi èyí tó fúyẹ́ kàn án, títí dé ohùn tó dà bíi ti ẹ̀fọn. Ipele tí àjà bá ti dáhùn kẹ́yìn ni nọ́ńbà ọjọ́ náà. Àjà yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ wa ń fi orí gbá kó tó ta padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ọ̀sán tó bá dára, mẹ́sàn-án la máa ń rí. Mẹ́rìnlá, n kò rí i rí láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi ìdí họ àga ibẹ̀.

Níta, àwọn tó fẹ́ bá ará ilé sọ̀rọ̀ ti tò láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibodè ọ̀run, ìlà náà tún ṣẹ́ kọ́nà níbẹ̀. Wọ́n ń kọrin. Wọ́n ní irú ohùn mímọ́ báyìí, àánú ni.

"Àánú," Àǹtí wí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. "Ìgbà wo ni oòrùn bì iná kẹ́yìn?"

"Àná, láàárọ̀. Ó bì tó..."

"Fi mẹ́wàá pín in kó o tó sọ ọ́."

"Ó bì púpọ̀, mà."

Ó wo abẹ́rẹ́ òòfà tó wà lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dojú kọ àríwá kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ń mi síwá, ó ń mi sẹ́yìn bí alágẹmọ tó fẹ́ sọdá títì. Ojú Àǹtí yí padà.

"Ìjì òòfà ni," ó wí. "Àwọn ará Ìkángun tó ń bá yìnyín gbé, ó ti ń sè wọ́n bí ẹ̀wà báyìí. Afẹ́fẹ́ òkè ibẹ̀ ti gbóná, ó ti gbéra, ọ̀dọ̀ wa ló sì dojú kọ. Ìyà àwọn tó wà lẹ́bàá yìnyín, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwa tá a wà lágbedeméjì, ìjì á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí wa. Á gbé àjà wa ga, á mú un sanra, a ó máa jó. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn bá dé..."

"Ikán á dé."

"Ikán á dé, á jẹ àjà, ihò ni yóò kù. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó o bá sọ sókè ò ní padà wá."

Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu mi ti là. Ìgbà náà ni ojú mi kan ẹ̀rọ ibùdó lára ògiri, èyí tí àwọn atọ́nà òkè máa ń sọ ibi tí a wà fún. Ilé Àjà kò ṣípò láti ogójì ọdún. Ẹ̀rọ ní inú odò la wà, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ sí ibi tí mo jókòó sí.

Mo rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín mi máa ń yára ju ọpọlọ mi lọ. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ bá a.

Lókè àjà ni àwọn atọ́nà wà, wọ́n ń yí ayé ká. Ọ̀rọ̀ wọn gbọ́dọ̀ gba inú àjà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí àjà bá sanra tó sì rí págunpàgun, ọ̀rọ̀ á pẹ́ lọ́nà, á dé, á parọ́. Ọkọ̀ tó bá sì gbọ́ irọ́, irọ́ náà ni yóò tẹ̀ lé.

Bàbá mi wà nínú ọkọ̀ kan lókè.

"Àǹtí, aago mélòó ni Bàbá ń kọjá láàárín Ìbejì?"

Ó ti ń tú ìwé. Ìbejì ni àpáta méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìlú wa, Táyé lápá ọ̀tún, Kẹ́hìndé lápá òsì. Àlàfo tó wà láàárín wọn, igba ìṣísẹ̀ ni. Bàbá mi, Akínlàbí, awakọ̀ òfuurufú, ń bọ̀ láti ìrìn ọjọ́ mọ́kànlá nínú ọkọ̀ tó tóbi ju oko àgbàdo méjì lọ, tí afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kún inú rẹ̀ bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Òun nìkan, pẹ̀lú irúgbìn tí Agbede máa gbìn lọ́dún náà. Kùrukùru sì bo Ìbejì láti àárọ̀. Etí ló máa fi kọjá, kì í ṣe ojú.

"Aago mẹ́rin ààbọ̀," Àǹtí wí.

Aago mẹ́rin ti lù. Akànjà ti di méjìlá.

Mo fò mọ́ ẹ̀rọ ìpè. Adènà ló dáhùn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ohùn, tí wọ́n fún ní ohùn bàbá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

"Ta lò ń pè, ọmọ dáadáa?"

"Bàbá mi! Ọkọ̀ kẹtàdínlógún! Ní kíá!"

"Bàbá. Ìkíni méje, ìdáhùn méje, lẹ́sẹẹsẹ. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé bàbá yín máa ń lo ogún ìṣẹ́jú. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Ogún ìṣẹ́jú! Ọkọ̀ Bàbá, ipele kẹfà ló ń gbọ́, tí àjà bá já sísàlẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́ mọ́. Àjà ń já ní ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èmi tí n kò kàwé kọjá ìwé kẹfà ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kù fún wa.

"Àǹtí, ẹ bá mi ṣí Adènà!"

"Ọwọ́ Olórí Ìgbìmọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Yàrá kejì ló wà, ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìkíni kẹrin. Ìwọ ni wàá lọ já ìkíni mọ́ wọn lẹ́nu?"

Mo gbọ́ ohùn Olórí náà láti inú ògiri: "Ẹ kú ewú o, Ẹ̀gbọ́n mi, ewú á pẹ́ lórí."

Ẹ má bú òfin náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ayé àtijọ́, ohùn yín jẹ́ tiyín. Láyé tiwa, ẹ̀rín kan ṣoṣo tó o bá rín lójú pópó, olè ohùn ti kó o sápò. Ó dọ̀la, ohùn rẹ ti ń pe ìyá rẹ. Òjò méjì sẹ́yìn, ìyàwó awakọ̀ kan "pè é" pé kó sọ̀kalẹ̀ nínú igbó kan, pé ara òun ò yá. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Àṣé ìyàwó wà nílé, ó ń dirun. Látìgbà náà, ìkíni la fi ń dá ara wa mọ̀. Olè lè jí ohùn, ó lè jí ìkíni kan tàbí méjì, kò lè jí bí ilé kan ṣe ń kí bàbá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òfin awakọ̀ wá kúrú: ohùn tí kò bá kí ọ, ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó o dí etí ọkọ̀. Ohunkóhun tó bá sì ní kó o ṣe, òdìkejì rẹ̀ ni kó o ṣe.

Ọ̀nà kan ló kù. Bọ́tìnnì pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adènà, wọ́n kọ "Olóògbé" sí i. Tí olórí ọkọ̀ bá ti kú, ta ni o máa kí? Ojú ẹsẹ̀ ni etí ọkọ̀ ń là fún gbogbo ayé.

Àǹtí rí ibi tí ọwọ́ mi ń lọ. "Láníhùn. Ọmọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pa bàbá."

"Àpáta ló fẹ́ pa á, mà."

"Tó o bá purọ́ sínú ìwé òkú, ọdún kan ni wọ́n máa gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ẹ̀rọ kan tó máa gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ilé rẹ gan-an ò ní dá ọ lóhùn."

Èmi, láìlẹ́nu fún ọdún kan! Ẹ wá ní kí ẹja máa gbé lórí igi. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Ṣé ẹ jẹ́rìí pé Akínlàbí ti ṣaláìsí?" Adènà bi mí.

Ahọ́n mi wúwo bí ọlọ. "Mo jẹ́rìí."

"Ní aago mélòó?"

"Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà."

"A bá yín kẹ́dùn," ó wí, ọ̀nà sì là gbàgà.

Mo gbọ́ inú ọkọ̀ Bàbá. Mo gbọ́ tí ife ń dún lórí àwo. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò gùn ju ìmí kan lọ: ẹ̀rọ atọ́nà ń purọ́, ẹ má wọ àárín Ìbejì. Ení, èjì, ẹ̀ta gbà á, ó tún ṣẹ́ kù, mo sì gbà pé Bàbá á dá ohùn mi mọ̀ láìsí ìkíni. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti fi ogún ọdún sọ ejò kan di ẹgbẹ̀rún kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ejò kan.

"Bàbá o! Bàbá! Sánmà ti ya! Ọ̀run ń já bọ̀, ẹgbàárùn-ún ikán..."

Kàù. Ó ti dí etí.

Akànjà: mẹ́wàá.

Mo gbá orí mọ́ tábìlì. Etí ọkọ̀ á tún là lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn ni Àǹtí Morónfólú dì mí mú lọ́rùn aṣọ, obìnrin tó ti ń bú mi láti ọdún mẹ́fà nítorí àwàdà.

"Gbọ́ mi. Olè ló pè ọ́, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ olè. Tó bá ti là, sọ fún un pé kó wọ àárín Ìbejì, kó wọ ọ́ kíá, pé ire wà níbẹ̀. Òdìkejì ló máa ṣe. Á gun òkè, á dúró."

Mo wò ó.

"Ìwọ tó o fi òjò osùn tan odidi ìlú jẹ! Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní kó o tàn."

"Tó bá wá gbà pé èmi ni ńkọ́?"

Ó yíjú sí akànjà.

"Àǹtí, tó bá dá ohùn mi mọ̀, tó ní, 'Láníhùn mi ló ní kí n wọlé,' tó sì wọlé?"

"Kò ní gbà pé ìwọ ni. O ò kí i."

"Ṣùgbọ́n tó bá gbà á?"

Etí ọkọ̀ là.

"Olè," ohùn Bàbá wọlé, ohùn náà balẹ̀ bí ẹni tó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. "O ò tíì lọ? Ohùn ọmọ mi lo gbé wọ̀, ó sì fún ọ lápá. Ẹgbàárùn-ún ikán! Ó kàn jọ ọ́ ni. Ọmọ mi ì bá ti pè é ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá."

Àǹtí ń fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ sí mi: sọ ọ́, sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. *Wọ àárín Ìbejì.* Mo la ẹnu. Mo sì rí i pé tó bá lọ kú, ọ̀rọ̀ tó máa gbẹ̀yìn láti ẹnu mi sí etí bàbá mi ni pé kó máa lọ pàdé ikú, ire wà níbẹ̀.

"Tó o bá jẹ́ ọmọ mi," ó wí, "kí mi."

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Kú ọ̀sán." Ó mu omi gbígbóná díẹ̀, mo gbọ́ ọ. "Ọ̀sán ń lọ."

"Ẹ kú ìrìn."

"Ìrìn ò kọ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń kọ ìrìn." Ó tún mu.

"Ẹ kú òtútù."

"Òtútù yìí! Ó ti gbé etí mi kan lọ, mo fi ọwọ́ di èkejì mú ni." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i? Ibi tí mo ti jogún ẹnu mi nìyẹn.

Akànjà: mẹ́sàn-án.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ohùn rẹ̀ gún bí abẹ́rẹ́. "Olè ló ń kánjú. Ọmọ mi ò já ìkíni rí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí n dí etí mi, n ò sì ní ṣí i mọ́ títí màá fi délé."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ọ̀sán. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú òtútù. Ó dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mu omi rẹ̀ láàárín, kò fò kan. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi nínú ilé tí yìnyín so mọ́ fèrèsé. Akànjà: mẹ́jọ.

"Ẹ kú ẹrù, Bàbá."

"Irúgbìn ò wúwo. Ìrètí àwọn tó fẹ́ gbìn ín ló wúwo."

"Ẹ kú àdáwà."

"Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Lánàá a jà, a ò tíì parí rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń rọ̀, bí ẹ̀kọ tí wọ́n da omi gbígbóná lé.

Àǹtí gbé ìka méje sókè. Méje. Ó ká ìka kan sílẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ó ṣì ń fi ata pa èèyàn?"

"Wọ́n ṣì ń fi ata pa èèyàn, sà."

"Kó máa pa á bọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Ó ku ọ̀kan. Ìkeje, èyí tí kò sí ilé mìíràn ní gbogbo ayé tó ń kí i. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, nígbà tí orúnkún ọ̀tún Bàbá ń dùn ún tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó ní àlejò nínú ilé. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún orúnkún náà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Látọjọ́ náà a ò kí Bàbá tán láì kí orúnkún.

"Ẹ bá mi kí orúnkún ọ̀tún, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi rẹ́rìn-ín tí inú ọkọ̀ fi ń dún. Ó rẹ́rìn-ín tó fi wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún, irun mi funfun, akànjà ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọmọ tuntun, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Orúnkún ní kí n kí ọ," ó wí nígbà tó mí. "Láníhùn ni. Àṣé Láníhùn mi ni! Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Bàbá, ẹ̀rọ atọ́nà ń purọ́! Ẹ má wọ àárín Ìbejì! Ẹ gun òkè, ẹ dúró!"

Ṣùùùùù.

Akànjà: márùn-ún.

Mo tún un sọ. Mo sọ ọ́ nígbà igba. Mo sọ ọ́ ní ṣókí, mo sọ ọ́ bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́, láì fi nǹkan kan kún un, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà fò sókè, kò rí àjà fi orí gbá, ó gba inú ihò kọjá lọ sọ́dọ̀ ìràwọ̀. Ó ṣì ń lọ. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún laago wí. Àǹtí Morónfólú kò wò mí. Òun náà lè ṣírò: àjà pẹ́ ju bí mo ṣe kà á lọ, ìṣẹ́jú méjìlélógún ló lò, kì í ṣe méjìdínlógún; ká ní mo ti ń kí Bàbá látìgbà tí Adènà ní kí n bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ì bá ṣẹ́ kù fún mi. Ká sì ní mo ṣe olè, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Èmi tí mo ti ń tan ènìyàn láti inú oyún, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀tàn ì bá gbà mí là ni mo mú di ọmọlúàbí.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, sánmà pọ́n láti àríwá wá, ó pọ́n bí epo tí wọ́n dà sórí gíláàsì. Àwọn ará Agbede jáde síta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan tilẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé, "Láníhùn, o ò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí, òjò osùn rẹ ló dé yìí!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, àjà padà sí mẹ́fà. Wọ́n rí ọkọ̀ náà lára Kẹ́hìndé. Irúgbìn ti fọ́n sí gbogbo ẹsẹ̀ àpáta.

Wọ́n pè mí sí Ilé Ìwé Òkú. Akọ̀wé náà jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ó na ìwé méjì sílẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Ẹ̀yin lẹ kọ ikú bàbá yín sílẹ̀ ní mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà?"

"Èmi ni."

"Àpótí inú ọkọ̀ ní mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Ó fi kálámù tẹ ìyàtọ̀ náà. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òfin gba wákàtí kan láàyè. Ẹ ò purọ́."

"Mo purọ́, mà."

"Ìwé yín bá òótọ́ mu, sà."

"Ó wà láàyè! Ó ń mu omi gbígbóná! Mo purọ́ mọ́ ọn!"

Ó rọra ti bébà kan sọ́dọ̀ mi, bí ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn. "Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Ẹ fọwọ́ sí i níbí, ẹnu yín á máa wà lọ́wọ́ yín."

Mo fọwọ́ sí i. Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, ọ̀kan ṣoṣo tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù pé òótọ́ ni nìyẹn. Bí mo ṣe jáde, ilẹ̀kùn ilé ìwé náà ní, "A bá yín kẹ́dùn, ó dàbọ̀."

Ìyá mi wà ní ilé ìdáná. Wọ́n ti sọ fún un láàárọ̀, ó ti sunkún tán, ọbẹ̀ tó ti ń sè sílẹ̀ de Bàbá ló gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń wò. Mo jókòó tì í. Ata náà ta mí lójú láti òkèèrè.

"Wọ́n ní ìwọ lo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn," ó wí.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé o kí i?"

Mo wo ọbẹ̀ náà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí itan.

"Láníhùn. Má ṣe àwàdà fún mi lónìí. Ṣé o kí bàbá rẹ?"

"Mo kí wọn."

"Títí dé orúnkún?"

"Títí dé orúnkún."

"Ó dáhùn?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín tí wọ́n fi wúkọ́."

Ó mí kanlẹ̀, èémí tó ti ń gbé mọ́ àyà láti àárọ̀. Ó fa orí mi mọ́ èjìká rẹ̀, ó ń lù mí lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ọlọ́run ṣeun," ó wí. "O ṣe ọmọ. O ṣe ọmọ gan-an."